Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Òkùnkùn Kejì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á kó yé yín: obìnrin yìí kì í ṣe olófòófó. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀. Olófòófó máa ń jókòó ni, kí ọ̀rọ̀ wá bá a. Òun a máa dìde lọ bá ọ̀rọ̀ nílé. Bó bá rí bàtà ẹsẹ̀ kan lójú títì, kò ní kọjá lọ bíi tèmi tìrẹ. Á dúró, á wò ó bóyá ti òsì ni àbí ti ọ̀tún, á wo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, á sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ bóyá ó pàdé ẹnì kan tó ń tiro. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun ò nílò ilé ìwé, kí wọ́n kúkú mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kó lọ gbaṣẹ́. Ọ̀fíntótó ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára dọjọ́ òní.

Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ń rán aṣọ fún ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì o. Gbọ̀ngàn ìjàkadì ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, nínú yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tí èrò ìwòran ń gbà gòkè. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n ní kó wá lò, kó wá ká etí kọ́tìnì tó ń wọ́ nílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé, kò tí ì lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá dúró nínú yàrá yẹn, ìgúnpá á máa gún ìhà. Bí èrò bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lókè, eruku á máa rọ̀ sórí ẹ̀rọ, òun náà á máa gbá a kúrò, á sì máa ṣépè fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pátá ìjà, ìbòjú, awọ bẹ́líìtì tó já, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ìwọ̀n gbogbo àwọn oníjàkadì sí: orí, ọrùn, àyà, ìdí. Ó máa ń sọ pé oníjàkadì lè parọ́ fún èrò ìwòran, ó lè parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè parọ́ fún tépù. Ẹni tó bá ní òun ò tíì sanra, kó wá dúró síwájú òun.

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìjà ibẹ̀ ni ti ẹlẹ́ni-méjì. Ẹni méjì máa ń kọjú sí ẹni méjì. Ẹnì kan á wọ inú ríìngì, ẹnìkejì rẹ̀ á dúró síta ní kọ̀rọ̀, á di okùn mú, kò sì gbọdọ̀ wọlé àfi bí èyí tó wà nínú bá fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń dá ẹni tó bá borí ìjà yẹn lọ́lá kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Èyí tí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ ṣe tán ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ìkejì tó dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni Àbúrò. Bí Ẹ̀gbọ́n bá wà níbì kan tí Àbúrò ò sí ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí bóyá òótọ́ ni ìjà náà. Ó dáa. Ẹni tó máa borí, ọ́fíìsì ti mọ̀ ọ́n kí agogo tó dún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń là wọ́n mọ́, ilẹ̀ gidi ni, eegun tó sì ń kán, eegun èèyàn ni. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́, àwọn oníjàkadì ló sì fi í ṣe òfin iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mànéjà tuntun ránṣẹ́ pe Ọ̀fíntótó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó máa ń gbé ike omi kiri bí ẹni tó fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá.

"Màmá, ẹ jókòó. Bẹ́líìtì ẹlẹ́ni-méjì máa pé ogójì ọdún. Mo fẹ́ gbé bọ́ọ̀dù ńlá kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó gbà á rí, orúkọ wọn gan-an, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, iye ìṣẹ́jú tí ìjà náà gbà. Àwọn tó wọ ìbòjú náà, ẹ jẹ́ ká ṣí ìbòjú wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kí la tún ń fi pamọ́?"

"Ta ló fẹ́ ṣe é?"

"Ta ló tún kù? Ìsàlẹ̀ pátápátá la máa kọ orúkọ yín sí: 'Ẹni tó kó ìtàn yìí jọ láìku ẹyọ kan.' Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àlàfo o, Màmá. Bí àlàfo bá wà, a ò lè kọ 'láìku ẹyọ kan.'"

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé àpò owó fún obìnrin yìí, inú rẹ̀ ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń bú u pé ó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ kiri, ẹnì kan wá ní kó máa tọ pinpin, òun máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri! Kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ra ìwé tuntun, ó gbẹ́ pẹ́ńsù méjì, ó sì bọ́ síta.

Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bẹ́líìtì náà ti pààrọ̀ ọwọ́, kò sì sí èyí tí kò ní ìtàn tirẹ̀ nínú. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ọkùnrin kan ni àti àbúrò ìyàwó rẹ̀. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé, àfi nínú ríìngì. Àwọn kan wà tó gbà á fún ogójì ìṣẹ́jú péré, tí wọn ò tíì tú okùn bàtà tí àwọn mìíràn fi gbà á padà. Àwọn méjì kan wá jà ní tòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán. Ọ̀kan gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sílé, èkejì gbé Àbúrò, odidi oṣù méje ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, títí ìyá ọ̀kan nínú wọn fi gbé bẹ́líìtì tọ̀hún wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ó ní òun ò lè máa gbálẹ̀ yí i ká mọ́. Èyí dùn mọ́ Ọ̀fíntótó débi pé ó rìn lọ sílé ìyá náà láti béèrè ibi tó tẹ́ ẹ sí gan-an. Abẹ́ tábìlì ìlọṣọ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti rí márùndínlọ́gbọ̀n. Ìkọkànlá nìkan ló kù. Ìkọkànlá yìí sì ni èyí tí àwọn tó fẹ́ràn ìjàkadì ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí nílé agẹrun títí dòní.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Erin àti Ẹfọ̀n ló ni bẹ́líìtì nígbà náà, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹlòmíì á wá ibòmíì jókòó sí. Àwọn tó bá wọn jà ni Òkùnkùn Kìíní àti Òkùnkùn Kejì, tí wọ́n máa ń wọ ìbòjú dúdú tó bo gbogbo orí. Agogo dún ní aago márùn-ún géérégé. Ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń gba ogún ìṣẹ́jú, ó máa ń gba ọgbọ̀n. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Òkùnkùn Kejì fò wọlé, ó gbé Erin ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Kò tíì sí èyí tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn bẹ́líìtì náà. Àwọn kan ní Erin ti gbówó. Àwọn kan ní àìsàn ló ń ṣe é. Àwọn kan búra pé Òkùnkùn Kìíní ò fọwọ́ kan ọwọ́ Kejì rárá, pé rẹfirí kàn mójú kúrò ni.

Ọ̀fíntótó ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó ń rọbí ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Àtètèdé nítorí pé ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló yàn láti dé. Aládùúgbò ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà tó ń to ríìngì, wà ní gbọ̀ngàn. Ilé ìwòsàn ò jìnnà síbẹ̀, ẹni tó bá sáré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Aládùúgbò tẹ fóònù sí ọ́fíìsì gbọ̀ngàn ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ dé ní márùn-ún kọjá ogún. Ọkọ dé ní márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó kọ ojú ẹ̀wù sí inú, òógùn sì bò ó.

"Níbo lẹ wà?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Ọ̀fíntótó ṣírò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbàrà tí fóònù dún ló gbéra, ì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí ọmọ tó dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan sọnù. Obìnrin tó mọ ibi tí ìyá oníyàá tẹ́ bẹ́líìtì sí, kò mọ ibi tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ń dùn ún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìjà kan nínú ilé wọn tí kì í já síbẹ̀. Ṣíbí ni wọ́n bá ń wá, ó ń bọ̀ wá di ọjọ́ tí mo ń rọbí. Ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ fèsì ju ọ̀kan yẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìkọkànlá. Ó lọ bá Òkùnkùn Kìíní. Bàbá náà ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí táyà àti ṣéènì kún fọ́fọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

"Hẹ̀n, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní ẹ ń ṣí ìbòjú àwọn èèyàn kiri."

"Tiyín nìkan ló kù kí n ṣí."

"Tèmi ò le. Èmi ni Kìíní, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ kọ ọ́."

"Kejì ńkọ́? Gígùn lorúkọ tí mo kọ fún un nínú ìwé ìwọ̀n mi, orí ínǹṣì mẹ́tàlélógún, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Bàbá náà yí táyà kan, ó ń wò ó bó ṣe ń yí. "Gígùn ni, ní gbogbo ọjọ́ àyàfi ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí a gba bẹ́líìtì, Gígùn ò sí ńbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló yọ̀ lórí àtẹ̀gùn yín, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Erin àti Ẹfọ̀n sì ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò ní padà wá mọ́. Bí wọn ò bá fi bẹ́líìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti bá wọn lọ nìyẹn. Ọ́fíìsì ní dandan, Òkùnkùn méjì gbọ́dọ̀ jáde. A wá ẹni tó ga bíi Gígùn, a sì fi ìbòjú wọ̀ ọ́."

"Ta ni?"

"A búra. Oníkálukú ló lè sọ tara rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ti ẹnìkejì. Mo ti sọ tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!"

"Ìbúra ò mọ kàlẹ́ńdà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, kí n má baà gbàgbé ara mi. Ojoojúmọ́ là ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ orí ọkùnrin yẹn. Orí rẹ̀ ò wọ inú ìbòjú, a ní láti fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀." Ló bá fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ti pẹ́ jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, Ọ̀fíntótó sì ti gbọ́ ẹ̀fà. Ó rántí pé nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n ní ìbòjú Kejì ti ya, kó rán òmíràn. Ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, oorun ń kùn ún, kò béèrè bó ṣe ya. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ tí kò béèrè nǹkan nìyẹn.

Ó wọ ṣítóò. Ó kó àpótí mẹ́rin wálẹ̀, ó sín títí imú rẹ̀ fi pọ́n, nínú ìkarùn-ún ló ti rí i. Ó gbé e síwájú fèrèsé. Wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n lu ihò sí i lápá méjèèjì, wọ́n sì fi okùn fífẹ̀ kan há a bí okùn bàtà. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé okùn náà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kókó òkè ṣì wà níbẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń fa kánfáàsì tó bo ilẹ̀ ríìngì le ni. Kókó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí i, wọ́n wá ki orí rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀fíntótó dì í mú, ó jókòó sórí àpótí. Kókó yẹn wà lára okùn ìsáṣọ rẹ̀ nílé. Ó wà lára ẹsẹ̀ àga ilé ìdáná tó ti fẹ́ já. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ta kókó báyẹn. Ó fa tépù yọ, ó wọn ìbòjú náà yíká bí wọ́n ṣe há a: ínǹṣì márùndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ orí náà. Òun ló ń rán fìlà fún un.

Ẹ ò bá rò pé inú rẹ̀ dùn. Inú bí i ni, inú bí i débi pé kò rí ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Haà! Nígbà tí òun ń ké, ọkùnrin yìí wọ ìbòjú, ó ń ṣeré nínú ríìngì! Ó rìn délé láìkí ẹnikẹ́ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Káfíńtà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fá pákó.

"Bàbá Àtètèdé, ọjọ́ tí mo bímọ fún yín, níbo lẹ wà?"

"Àní kí ló tún sọnù? Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Iṣẹ́ wo?"

Ọkùnrin náà dá ọwọ́ dúró. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti béèrè níbo, ó ti béèrè ta lẹ wà pẹ̀lú. Kò béèrè iṣẹ́ wo rí.

"Iṣẹ́ gbọ̀ngàn."

Ọ̀fíntótó gbé okùn náà sórí pákó. "Ta ló ta kókó yìí?"

"Ẹni tó bá mọ kókó ta ni."

"Ẹ má fi mí ṣeré. Mi ò bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ wọ nǹkan yẹn. Mo mọ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní: nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ ti gbọ́ pé mo ń rọbí?"

Káfíńtà gbọn èérún igi kúrò lọ́wọ́. "Bí mo bá dáhùn ìyẹn, Ìyá Àtètèdé, mo ti dáhùn gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ ti gbọ́ nìyẹn, ẹ sì dúró síbẹ̀."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ fún mi nígbà yẹn? Èmi ìyàwó yín?"

Káfíńtà wò ó, kò bínú, àfi bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. "Ká ní ọkùnrin kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ láàárọ̀ nígbà náà, ta ni kò ní gbọ́ kó tó di ọ̀sán? Ìbòjú yẹn ni Kìíní àti Gígùn fi ń bọ́ ọmọ wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un, nítorí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó gbà. Odidi ọjọ́ méjì, kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ fún un bí ẹni ń gbé e fún àlejò tí kò ní pẹ́ lọ.

Ẹnì kan ló kù tó wà nínú ríìngì lọ́jọ́ náà. Ẹfọ̀n ti kú sókè òkun, ṣùgbọ́n Erin ti padà wálé láti bí ọdún mẹ́fà, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọ̀fíntótó lọ bá a, bíi pé nítorí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Ẹ wá wo Erin nínú ọkọ̀ kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó ní kí Ọ̀fíntótó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn! Gbogbo ayé ló ti bi mí, irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí." Ó pa rédíò. "Wọ́n ti sọ fún mi pé wọ́n máa borí wa, pé kí a lò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó dáa. Mo ń bá Kìíní ṣeré mi lọ. Kejì dúró ní kọ̀rọ̀, mo rí i pé kì í ṣe Gígùn, ó di okùn mú bí ẹni tó ń di àkàbà mú. Ìgbà tó yá, alágogo dìde, ó lọ sọ nǹkan sí i létí. Màmá, ọkùnrin yẹn ò dúró gba ọwọ́ Kìíní! Ó kàn gbá a lẹ́yìn, ó fò wọlé, ó sì dì mọ́ mi níkùn. Kò lè gbé mi, ta ló fẹ́ gbé mi? Mo fẹ́ jù ú nù. Ló bá sọ sí mi létí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣubú. Ìyàwó mi ń rọbí.'"

Ọ̀fíntótó rọra pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ti bímọ mẹ́rin nígbà yẹn, mi ò sí nílé fún ìkankan. Mo ṣubú. Mo ṣubú gbì, mo tẹ́ pẹrẹsẹ, mo tún fi ọwọ́ dì í mú kó má tètè dìde kí rẹfirí tó ka ẹ̀ta. Mànéjà ìgbà náà fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn mí jù ni ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ìbòjú ò bọ́ lórí rẹ̀. Okùn tí wọ́n fi há a ti mu òógùn, kókó rẹ̀ ò tú. Ó fẹ́ máa sáré lọ bẹ́ẹ̀, alágogo dí ẹnu ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó ń wọ ìbòjú jáde sí títì, kí èrò má baà tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. Ọkùnrin yẹn ń fi orí gbá ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní kí wọ́n gé e, bí wọ́n bá gé orí òun mọ́ ọn kí wọ́n ṣáà gé e. Ìgbà tí ọ̀bẹ dé, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ẹni tí nǹkan kì í bá ṣe tirẹ̀ kì í wò ó."

Erin wá yíjú sí i.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo nǹkan, ẹ bá mi wádìí ọ̀kan. Ṣé obìnrin náà bí i láyọ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń rò ó. Ṣé ọmọ náà yè?"

Omijé ti bọ́ lójú Ọ̀fíntótó kó tó mọ̀.

"Ó yè," ó ní. "Obìnrin ni. Ó ti bí ìbejì."

Erin fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ gbá ìdarí ọkọ̀, fèrè ké tòò lójú títì, àwọn èèyàn yíjú wò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Kò béèrè bó ṣe mọ̀. Onílàákàyè èèyàn ni.

Láti ibẹ̀ ni Ọ̀fíntótó ti gba ọ́fíìsì mànéjà lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, márùndínlọ́gbọ̀n pé pérépéré. Mànéjà ń ka ìwé náà, ó ń mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó dé ìkọkànlá.

"Màmá, ibí yìí ńkọ́? Òkùnkùn Kìíní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Kejì, 'Òkùnkùn Kejì' náà lẹ tún kọ. Ta ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ bí ẹnu ṣe ń yún obìnrin yìí! Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ òun, káfíńtà, lára ògiri, kí gbogbo èrò máa kà á bí wọ́n bá ń wọlé! Orúkọ tirẹ̀ náà á sì wà nísàlẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo wádìí rẹ̀ tì."

Mànéjà mu omi, ó fi ike sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. A ò lè kọ 'láìku ẹyọ kan' mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ yín..."

"Mo mọ̀. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí pákó tó fá tán, ó ń mu omi. Ọ̀fíntótó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí èérún igi níbẹ̀.

"Bàbá Àtètèdé, mo ti ṣẹ̀ yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí."

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ó dìde. "Kí lo ṣe? Dìde ńlẹ̀. Ta lo lọ bá?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni."

Káfíńtà wò ó lójú títí. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀ pé ìyàwó òun ti bá ẹnì kan. "Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sára bọ́ọ̀dù náà?"

"Òkùnkùn Kejì."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Káfíńtà fa ìyàwó rẹ̀ dìde ní apá méjèèjì, ó gbọn èérún igi kúrò lórúnkún rẹ̀, ó rọra sún, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí pákó.

"Ìwọ," ó ní nígbà tó yá, "ìwọ yìí, o ní o ò mọ nǹkan."

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

"O ti wá ń dàgbà."

Ọ̀fíntótó gbá a léjìká. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ọwọ́ líle, kò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ obìnrin yìí. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí lórí pákó.

"Bàbá Àtètèdé, ká ní ọkùnrin kan..."

"Rárá."

"Mi ò tíì sọ ọ́!"

"Rárá náà ni."

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá inú ìbòjú náà gbóná ni."

Káfíńtà wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó wo òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kejì wá ife omi rẹ̀ kiri. Ìyàwó rẹ̀ gbé ife náà lé e lọ́wọ́, kò sì tún béèrè mọ́.